Ẹran màlúù àti broccoli nínú agbada: ohun tójú mi ti rí nídìí ẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Tẹ́ ẹ bá wo fídíò àwọn tó ń se oúnjẹ Ṣáínà yìí, ẹran màlúù pẹ̀lú broccoli (ẹ̀fọ́ òyìnbó aláwọ̀ ewé kan) tí wọ́n ń jù sókè nínú agbada, tí iná ń yọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ máa rò pé eré ọmọdé ni, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ wọ́n ti bù ún sórí ìrẹsì. Irọ́ kọ́ o. Lórí iná, kì í pẹ́ lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í jẹ́ ká rí ni pé kí wọ́n tó tanná rárá, iṣẹ́ ti tán, tí iṣẹ́ yẹn ò bá sì tíì tán kẹ́ ẹ tó tanná, ẹ máa sáré nínú kíṣìnì títí ẹ̀rù á fi bà yín. Èmi ni mo máa ń dáná nílé wa láàárín ọ̀sẹ̀ torí iṣẹ́ ìjọba ni ìyàwó mi ń ṣe ní Òkè-Mosàn, ká tó wí ká tó fọ̀ ilẹ̀ ti ṣú kó tó wọlé sí Àṣẹ̀rò níbí, oúnjẹ tí mo lè tò sílẹ̀ kí n wá ṣáná sí i nígbà tí mo bá gbọ́ ìró géètì, òun ló bá mi lára mu jù. Bí èmi àti oúnjẹ yìí ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní broccoli kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ẹran ni. Broccoli kàn bá a jẹ́ orúkọ ni. Ẹ lè yọ broccoli kúrò, kẹ́ ẹ fi nǹkan míì sí i, kó ṣì dùn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹran bá ti le, tẹ́ ẹ wá ń jẹ ẹ́ títí tí àgbọ̀n ń ro yín, kò sí sọ́ọ̀sì tó lè tún un ṣe mọ́.

Ọ̀nà kan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ ẹran: fọ̀ ọ́, da àlùbọ́sà, iyọ̀, mágì, táìmù àti kọ́rì sí i, gbé e kaná, jẹ́ kó hó kó rọ̀, lẹ́yìn náà ká wá dín in tàbí ká dà á sọ́bẹ̀. Kò burú rárá, torí omi ẹran yẹn kì í ṣòfò, inú ọbẹ̀ náà ló ń padà sí. Eléyìí ò ní ọbẹ̀ tó máa gba omi ẹran. Tẹ́ ẹ bá bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, adùn ẹ̀ ti bá omi lọ, tó bá sì tún padà lọ kan epo gbígbóná, ńṣe ló máa gan.

Màmá mi wá kí wa láti Ìtòkú, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń gé ẹran tútù láìgbé ìkòkò kaná.

"Bàbá ìbejì, ìgbà wo lo fẹ́ bọ ẹran yìí?"

"Màmá, wọn kì í bọ eléyìí o. Bó ṣe wà yìí náà ló ń lọ sínú òróró."

"Ní tútù? Ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó máa jiná, Màmá. Ẹ wo bó ṣe fẹ́lẹ́ tó."

"Kò burú. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ṣá, kí n máa wò ẹ́."

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o, torí ẹran tó nípọn tí inú ẹ̀ ṣì pupa, èmi náà kì í fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ò nípọn ju mílímítà 3 sí 5 lọ, iná tó gbóná dáadáa máa là á já kíá, bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì, tó bá sì ti pàwọ̀ dà pátápátá tí kò sí pupa kankan lára ẹ̀ mọ́, ó ti jiná nìyẹn. Mo gé ọ̀kan sí méjì lójú wọn kí wọ́n rí inú ẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti tọ́ ọ wò.

Lafẹ́nwá ni mo ti máa ń ra ẹran, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Tẹ́ ẹ bá tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ máa rí ẹran tó ṣì ń gbọ̀n lórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án tí ara ẹ̀ ń mì fúnra ẹ̀. Ẹran tuntun ni, kò sẹ́ni tó máa ní kò dáa, ṣùgbọ́n fún oúnjẹ yìí kò tíì tó àkókò. Màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ara ẹ̀ á kọ́kọ́ le gan-an, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé e kọ́ sínú yàrá tútù fún ọjọ́ gbọọrọ nílùú òyìnbó kí wọ́n tó tà á, àwa ní tiwa, èyí tí wọ́n pa láàárọ̀ la fi ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án. Màlúù ilẹ̀ wa tún jẹ́ màlúù tó ń rìn, àwọn Fúlàní ń dà á kiri láti ibi koríko dé ibi omi, ẹsẹ̀ tó rìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ má retí kí ẹran itan ẹ̀ máa rọ̀ múlọ́múlọ́. Torí náà, tí iná bá wà, mo máa ń jẹ́ kó sun inú fíríìjì mọ́jú, kì í ṣe fírísà o, fíríìjì. Tí iná ò bá sí, kúlà ni, pẹ̀lú omi dídì tó pọ̀ dáadáa.

Alápatà mi ti mọ̀ mí. Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti ní n ò fẹ́ eegun, n ò fẹ́ ṣàkì, n ò fẹ́ fùkù, á máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ ba ọjà ẹ̀ jẹ́. Nísinsìnyí tó bá ti rí mi lókèèrè: "Bọ̀ọ̀dá, èyí tí ò lórogún yẹn náà ni?" Ẹran itan ni mo máa ń gbà, èyí tí iṣan funfun ò pọ̀ lára ẹ̀. Ó wọ́n ju èyí tí wọ́n da gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n 500 gíráàmù péré ti tó àwa mẹ́rin jẹ, torí rírẹ́ tí ẹ̀ ń rẹ́ ẹ máa jẹ́ kó pọ̀ lójú.

Rírẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé ẹran sínú fírísà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, kì í ṣe pé kó dì, kó kàn le díẹ̀ kí ọ̀bẹ lè rí i mú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Ìbú fọ́nrán yẹn ni kẹ́ ẹ gé, ẹ má gé e lóòró. Tẹ́ ẹ bá gé e lóòró, fọ́nrán gígùn lẹ máa máa fi eyín fà, tẹ́ ẹ bá dá a níbùú, ọ̀bẹ ti bá yín ṣiṣẹ́ eyín tán kó tó dẹ́nu. Ẹni tí ò bá yé, kó lọ dúró ti mẹ́súyà ní Pánṣẹ́kẹ́ lálẹ́ kó wo bó ṣe ń fi ọ̀bẹ gígùn yẹn rẹ́ ẹran títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó fi igi gún un. Mo ti dúró síbẹ̀ rí, mo ti sanwó sùyà mi tán, mo ṣì ń wo ọwọ́ ọkùnrin yẹn, ó rò pé èènì ni mò ń dúró gbà, ló bá fi ẹyọ méjì kún un. Mo gbà á.

Tí ẹ bá ti rẹ́ ẹ tán, sódà ló kàn. Baking soda o, èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò, baking powder yàtọ̀ sí i. Ààbọ̀ ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì fún 500 gíráàmù ẹran, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, ẹ fọwọ́ rà á mọ́ gbogbo ara ẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ wá ṣàn án dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fún omi ẹ̀, ẹ nù ún gbẹ. Tó bá pẹ́ jù, tàbí tẹ́ ò bá ṣàn án, á máa ta yín lẹ́nu bíi pé ọṣẹ wà ńbẹ̀. Màmá mi tún fẹ́ pariwo nígbà tí wọ́n rí ìyẹ̀fun funfun yẹn, wọ́n ní kí ni mò ń dà sínú ẹran, mo wá bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń fi sínú ewédú kó tó rọ̀?" Wọ́n ní kánún ni. Mo ní ẹbí kan náà ni méjèèjì. Òótọ́ sì ni, irú òkúta tí kánún wa jẹ́ yẹn ni wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ní Wyoming ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń ṣe sódà. Iṣẹ́ tó ń ṣe lára ẹran ni pé kì í jẹ́ kí fọ́nrán ẹ̀ fún mọ́ra pinpin nígbà tí iná bá bà á, omi ara ẹ̀ ò wá ní sá jáde. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "O ò bá ti sọ pé kánún ni látìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ wá fi ṣíbí ìjẹun kan soy sauce (omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe), ṣíbí kan cornflour àti ṣíbí kan òróró pò ó mọ́ ẹran yẹn, kó jókòó bí ìṣẹ́jú 20. Cornflour tí mò ń wí ni èyí tó funfun báláú nínú páálí kékeré, tó máa ń dún ríkíríkí tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìyẹ̀fun àgbàdo fún túwó. Àwọn kan ní ṣé ògì ò lè ṣe é. Ó máa ki lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkan ẹ̀ máa jáde, ẹ jẹ́ kí ògì máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀ lọ láàárọ̀.

Ó ku broccoli. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa bá lórí àtẹ ní Kútọ̀ lójoojúmọ́. Òtútù ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbìn ín nílé wa níbí fi wà lápá Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, tí ooru ò mú bíi tiwa. Kó tó gun ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ooru ti bá a jà. Ohun tí à ń jẹ lára ẹ̀, òdòdó tí ò tíì là ni, tí ooru bá sì ti mú un, òdòdó yẹn á fẹ́ là, ẹ máa rí i tó ń di yẹ́lò lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Owó orí kan ṣoṣo, ẹ máa fi ra kábéèjì ńlá, ṣẹ́ńjì á tún kù. Ẹ má ju igi ìdí ẹ̀ nù ṣá, owó lẹ fi rà á, ẹ hó èèpo ẹ̀, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dùn ju orí ẹ̀ lọ lójú tèmi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ díẹ̀ kí kòkòrò tó bá wà ńbẹ̀ lè jáde, kẹ́ ẹ wá jù ú sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ kó o sínú omi tútù kíá kó má bàa máa rọ̀ lọ. Ẹ wá jẹ́ kó gbẹ. Kó gbẹ dáadáa o. Èyí tó ti dì, tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lápá Ìbarà, wọ́n ti bọ̀ ọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó dì, ẹ má tún bọ̀ ọ́ mọ́, ẹ kàn jẹ́ kó yọ́ kí omi ẹ̀ ro kúrò.

Tẹ́ ò bá sì rí i, ẹ má ronú. Broccoli gan-an, àlejò ni nínú oúnjẹ yìí. Lápá Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti wá, gai lan ni wọ́n ń fi sí i, ẹ̀fọ́ kan tí igi ẹ̀ sanra tó korò díẹ̀. Àwọn ará Ítálì ló mú broccoli wọ Amẹ́ríkà ní tiwọn, nínú àwọn ọdún 1920 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò D'Arrigo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o láti California lọ sí Boston lọ tà, bó ṣe di ohun tó wà káàkiri nìyẹn, tó sì bọ́ sínú agbada àwọn ará Ṣáínà. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n lò. Ohun tó wà nítòsí tèmi ni gbọ̀rọ̀. Ẹ bó okùn ara igi ẹ̀ kúrò, ẹ gé igi yẹn ní gígùn ìka, igi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ewé ló ń kẹ́yìn, àwọn méjèèjì kì í jiná pọ̀. Kábéèjì náà dáa, àmọ́ ó lómi. Green beans dáa, ó kàn fẹ́ pẹ́ díẹ̀ ni. Tẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ má dán wò, yíyọ́ ló máa yọ́ mọ́ ẹran lára.

Agbada irin ni mò ń lò, irú èyí tí àwọn onídùńdú àti aláàkàrà ń lò, mo wá rí i pé kò sí fráípáànù olówó gọbọi kankan tó lè bá a dù ú. Ẹ gbé e kaná lófìfo títí ẹ ó fi rí èéfín tín-ín-rín lójú ẹ̀, ẹ da òróró ẹ̀pà sí i, ẹ yí i ká. Fráípáànù tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ yẹn, ẹ má fi gbóná lófìfo bẹ́ẹ̀ o, ohun dúdú tí wọ́n fi kùn ún nínú máa ń bàjẹ́ tí iná bá pọ̀ jù. Iná àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà le ju gáàsì wa lọ fíìfíì, ẹyọ báánà kan tiwọn lè tó mẹ́wàá tiwa, àwa tá à ń fi sílíńdà ilé dáná, sùúrù la fi ń dí i: ẹ pín ẹran sọ́nà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ tẹ́ ìpín kan sójú agbada, ẹ má rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan kí abẹ́ ẹ̀ lè pọ́n, ẹ yí i, kó tún ṣe díẹ̀, ẹ kó o jáde, ẹ fi òmíì sí i. Àbúrò mi ní òun ò ráyè ìyẹn, ó da gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹran bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀, omi ò sì lè gbóná ju 100 dígírì lọ, bẹ́ẹ̀ kí ẹran tó pọ́n, ojú agbada gbọ́dọ̀ gbóná ju 140 lọ, bó ṣe di pé bíbọ̀ náà la padà bọ̀ ọ́ nìyẹn. Màmá mi ní ṣé òun ò wí.

Èédú ńkọ́? Tí gáàsì bá tán lójijì, mo máa ń gbé e sórí sítóòfù èédú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ dáadáa, iná ẹ̀ le ju gáàsì lọ, kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ọ́wọ́.

Sọ́ọ̀sì ẹ̀, inú kọ́ọ̀bù kan ni mo ti máa ń po gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta soy sauce, méjì oyster sauce (sọ́ọ̀sì dúdú kan tó ki, inú ìgò ló máa ń wà), ṣúgà ṣíbí kan, cornflour ṣíbí kan, omi ààbọ̀ kọ́ọ̀bù. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi mágì sí i, mo bẹ̀ yín. Ṣíbí ìjẹun kan soy sauce ní sodium tó tó nǹkan bíi mílígírámù 900, bẹ́ẹ̀ 2,000 ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́, màmá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tiwọn, mo máa ń dín soy sauce kù sí ìdajì, mo wá fi irú pẹ̀tẹ̀ díẹ̀ bí orí ìka dí i, kí n tẹ̀ ẹ́ fọ́ mọ́ ata ilẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ṣáínà náà ní ẹ̀wà dúdú tí wọ́n máa ń jẹ́ kó kan kó tó wọ oúnjẹ wọn, òórùn ẹ̀ ò jìnnà sí tirú.

Tí ẹran bá ti jáde tán, òróró díẹ̀ sí i, ata ilẹ̀ àti aáyù gígé, àlùbọ́sà, ata rodo méjì tí mo ti yọ kóró ẹ̀ (inú èyí ni mo ti yà kúrò lọ́nà àwọn ará Ṣáínà, àmọ́ Ẹ̀gbá wo ló fẹ́ jẹ ẹran tí ò ta?), ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré, torí aáyù tó bá jó á korò. Broccoli wọlé, ẹ rò ó. Ẹ ro sọ́ọ̀sì inú kọ́ọ̀bù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó dà á, cornflour ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ da ẹran padà. Bó bá ti ki, tó ń dán, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹran, ẹ pa iná. Òróró yànmọ̀tí díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá paná, torí òórùn ẹ̀ ni à ń wá, iná sì máa ń lé e lọ.

Ìrẹsì funfun ló bá a mu. Mo ti gbé e sórí ìrẹsì ọ̀fadà rí torí ìtòsí wa níbí náà ló ti ń wá, wọ́n ò bára wọn ṣe, ọ̀fadà ní òórùn tiẹ̀ tó fẹ́ gbajúmọ̀ ju gbogbo ẹni tó wà nínú abọ́ lọ, ata díndín ni kó máa fẹ́.

Tó bá ṣẹ́kù, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, tí iná ò bá sì dúró, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì. Agbada náà ni kẹ́ ẹ fi gbé e gbóná pẹ̀lú ṣíbí omi kan, kíákíá, maikirowéèfù máa ń mú ẹran yẹn le. Àwọn ìbejì, ẹran nìkan ni wọ́n ń ṣà jẹ, wọ́n á kó broccoli sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tí wọ́n á ní àwọn ti yó. Mo máa ń kó o pamọ́, tó bá di àárọ̀ mo gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹyin tí mo fẹ́ dín, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, wọ́n á fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún béèrè pé ṣé ó kù.